Àyẹ̀wò ní kò sí ìṣòro: ṣé ara mi wà ní ìdọ́gba lóòótọ́?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n ní ara ló ń tọ́jú ara rẹ̀: ooru mú, ó làágùn; òtútù mú, ó gbọ̀n; omi lọ sílẹ̀, òùngbẹ dé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé táwọn kan ṣì ń pàṣẹ iye omi tá a gbọ́dọ̀ mu lójúmọ́, tí àwọn mìíràn ń polówó omi tó ń pa ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀? Èyí tó kàn mí jù nìyí: bí èèyàn bá ṣàyẹ̀wò, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àti ti kíndìnrín bọ́ sí ibi tí wọ́n ní ó dára, ṣé ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò séwu? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní rárá. Ẹni tó mọ̀ kó là á yé wa.

*

Èsì 1

Ká tó dé orí àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tá à ń wọ̀n. Láàárín àwọn ọdún 1800 ni Claude Bernard, onímọ̀ ará Faransé, ti ṣàlàyé pé inú omi tó yí wọn ká làwọn sẹ́ẹ̀lì wa ń gbé, àti pé omi yẹn ni ara ń sapá kó má yí padà. Ní 1926, Walter Cannon, ará Amẹ́ríkà, fún iṣẹ́ náà lórúkọ, ó pè é ní homeostasis, ìyẹn ìdọ́gba inú ara.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé ìdọ́gba túmọ̀ sí pé nǹkan dúró jẹ́ẹ́. Kò sí ohun tó dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Ìgbóná ara máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ ní ìdájí, ó máa ń ga sí i ní ìrọ̀lẹ́, ìyàtọ̀ àárín wọn sì lè tó ìdajì sí odindi ìwọ̀n kan lórí Celsius lára ẹni tára rẹ̀ dá ṣáṣá. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ omi tó tó 180 lítà látinú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, wọ́n sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà, àfi lítà kan tàbí méjì tó ń di ìtọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ara ń gbà di ìdọ́gba rẹ̀ mú: ohun tó ń wọ̀n, ohun tó ń pinnu, ohun tó ń ṣiṣẹ́. Ní ti ooru, awọ ara àti hypothalamus, ìyẹn apá kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ, ló ń wọ̀n. Hypothalamus yìí kan náà ló ń pinnu. Òógùn, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ àti gbígbọ̀n ló ń ṣiṣẹ́. Nǹkan lè bà jẹ́ níbikíbi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtọ́jú wọn ò sì jọra.

Ní ti ìbéèrè yín gangan, ìdáhùn mi ni rárá. Nọ́ńbà tó dára ń sọ pé ara ṣì ń borí. Kò sọ ohun tí ara ń ná kó tó borí.

*

Èsì 2

Mo fara mọ́ èsì 1. Ìfúnpá ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ, torí àṣìṣe ibẹ̀ máa ń la ẹ̀mí lọ.

Àgbàlagbà ní ẹ̀jẹ̀ tó tó bíi lítà márùn-ún. Bó bá pàdánù 750 mílílítà, ìfúnpá rẹ̀ lè má yẹ̀ rárá. Kódà bó bá pàdánù lítà kan àti díẹ̀, nọ́ńbà òkè ṣì lè wà ní bíi 120. Ara ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn ohun tó ń wọn ìfúnpá wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àti lára iṣan ńlá tó jáde látinú ọkàn. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti iṣan wọ̀nyí bá ti dín kù, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ awọ àti ti ìfun á sún kì kí ẹ̀jẹ̀ tó kù lè máa dé ọkàn àti ọpọlọ. Kíndìnrín náà á di omi àti iyọ̀ mú. Ó sábà máa ń jẹ́ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ tó lọ bá lé ní ìdá 30 nínú 100 ni ìfúnpá tó ń já wálẹ̀, ìgbà yẹn sì ti pẹ́ jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá dókítà.

Nítorí náà, ẹ má wo nọ́ńbà òkè nìkan lára ẹni tó farapa tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ ka ìlù ọkàn: tó bá kọjá 100 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fura. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀: ẹni tó wà ní 118/76 tẹ́lẹ̀ tó wá di 114/92 kò tíì "dúró dáadáa," iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń fún pọ̀. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì nínú yàrá tí kò tutù, ẹ̀jẹ̀ ò dé ìka dáadáa. Ẹ wo ìtọ̀ pẹ̀lú: àgbàlagbà tó wúwo tó 70 kílò yẹ kó tọ̀ tó 35 mílílítà ó kéré tán ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan méjì lè ṣi yín lọ́nà. Ẹni tó ń lo oògùn bíi propranolol tàbí atenolol lè má ní ìlù ọkàn tó yára, oògùn náà ló dè é. Ọmọdé sì máa ń di ìfúnpá rẹ̀ mú pẹ́ ju àgbà lọ, tí yóò wá ṣubú lójijì.

*

Èsì 3

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má dẹ́rù ba ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ṣàyẹ̀wò ọdọọdún.

Ẹ ronú sí bí wọ́n ṣe ń rí ibi tí wọ́n ní "ó dára" nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò. Wọ́n á wọn ọ̀pọ̀ èèyàn tára wọn dá, wọ́n á mú ìdá 95 tó wà láàárín, wọ́n á gé ìyókù dànù lókè àti nísàlẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ẹnì kan nínú 20 tára wọn dá ló máa bọ́ síta láìṣe nǹkan kan. Bí èèyàn bá ṣe àyẹ̀wò 20 tí kò kan ara wọn, ó tó ìdá 64 nínú 100 pé ó kéré tán ọ̀kan máa jáde ní "kò dára" láìsí àrùn kankan. Tá a bá wá sọ pé èyí tó dára gan-an kò ṣeé gbára lé, kí lẹ fẹ́ káwọn èèyàn ṣe? Wọ́n á máa sáré ti àyẹ̀wò kan dé òmíràn ni, wọ́n á sì kó sọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan ìfọ̀jẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni tí nǹkan ò ṣe, tí nọ́ńbà rẹ̀ dára, kó lọ máa sùn.

*

Èsì 4

Ẹ ṣé, èsì 3. Òótọ́ lẹ sọ nípa ìdá 95, mi ò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa sáré kiri. Àmọ́ ẹ gbà mí láyè kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn níbi tí nọ́ńbà tó bọ́ sáàárín gan-an ti jẹ́ ewu.

Bí ikọ́ fée (asthma) bá kì èèyàn mọ́lẹ̀, á máa mí ní kíákíá. Mímí kíákíá yẹn ń fẹ́ carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ara ò fẹ́ mọ́, jáde, torí náà tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ látinú iṣan rẹ̀, carbon dioxide rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ 35 lórí òṣùwọ̀n mmHg. Ibi tó dára fún ẹni tára rẹ̀ dá ni 35 sí 45. Wàyí o, bí ìkọlù náà bá le gan-an, tí nọ́ńbà yìí sì wá jẹ́ 40, ẹni tí kò mọ̀ á ní ara ti ń yá. Àwọn dókítà kà á sí àmì pé ẹ̀mí wà nínú ewu: iṣan tó fi ń mí ti ń rẹ̀, kò rí carbon dioxide fẹ́ jáde mọ́ bó ṣe yẹ. Nọ́ńbà yẹn á kọjá 45 láìpẹ́ tí wọn ò bá tètè ràn án lọ́wọ́.

Iye kan náà, 40, ló wà lára ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ àti lára ẹni tó fẹ́ dákẹ́ mí. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ tí ara ń ṣe lórí rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń mí. Bí kò bá lè parí gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ti sọ̀rọ̀ ju ìwé àyẹ̀wò lọ.

*

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti ń yé mi. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan omi. Ṣé ká máa mu ife mẹ́jọ ni àbí ká dúró de òùngbẹ? Àti pé ọ̀rọ̀ ásíìdì ńkọ́?

*

Èsì 5

Ife mẹ́jọ kì í ṣe òfin ara. Ohun tí ara ń ṣọ́ ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó. Bó bá ki sí i ní ìdá kan sí méjì péré nínú 100, òùngbẹ á dé. Kó tó dé pàápàá, ọpọlọ á ti tú họ́mónù kan tó ń jẹ́ vasopressin sílẹ̀, á sọ fún kíndìnrín pé kó dá omi padà, ìtọ̀ á sì pọ́n. Ẹni tára rẹ̀ dá, tó lómi nítòsí, tí kò sí nínú ooru líle, lè fọkàn tán òùngbẹ.

Àwọn tí kò yẹ kó fọkàn tán an wà o. Òùngbẹ máa ń kú lára arúgbó: omi ara rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò ní wá omi. Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru lè pàdánù ju lítà kan lọ ní wákàtí kan. Ní òdìkejì, ẹni tí dókítà ti díwọ̀n omi fún nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ìmọ̀ràn ife mẹ́jọ rárá.

Mímu omi púpọ̀ náà ń pa èèyàn, èyí làwọn tó ń polówó omi kì í sọ. Kíndìnrín tó dá pé kò lè lé jáde ju bíi 800 mílílítà sí lítà kan lọ ní wákàtí kan. Èyí tó bá lé á dúró sínú ẹ̀jẹ̀, á fomi la iyọ̀ ibẹ̀. Sodium, ìyẹn èròjà inú iyọ̀ náà, tó yẹ kó wà láàárín 135 sí 145, á lọ sílẹ̀, omi á sì wọnú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á wú, agbárí ò sì fẹ̀ sí i. Orí á máa fọ́, èébì á dé, èèyàn á máa sọ ìsọkúsọ, gìrì lè mú un. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn, torí wàhálà eré náà máa ń mú kí vasopressin pọ̀ nígbà tó yẹ kó dín kù. Wọ́n ń mu, wọn ò sì rí i tọ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń ṣe eré ìdárayá gígùn, ẹ wọn ara yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá parí, pẹ̀lú aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan náà. Kílò kan tó lọ jẹ́ bíi lítà omi kan. Bẹ́ ẹ bá wúwo ju tìṣáájú lọ, ẹ ti mu jù.

*

Èsì 6

Kí n fi èyí kún ọ̀rọ̀ omi. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru ló ń gbé omi lọ, omi lásán ò tó, torí iyọ̀ ń bá a lọ. Ṣúgà àti sodium máa ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé lára ògiri ìfun kékeré, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ẹnu ọ̀nà yìí sábà máa ń ṣiṣẹ́ bí ìgbẹ́ gbuuru tilẹ̀ le. Ìdí nìyẹn tí omi iyọ̀ àti ṣúgà fi ń gba ẹ̀mí là.

Èyí tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní ORS, ló dára jù. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò láti 2002 ní sodium 75 àti glucose 75 nínú lítà kan, lórí òṣùwọ̀n mílímóòlù. Bí kò bá sí sáṣẹ́ẹ̀tì: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ṣíbí tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má ṣe gogoro. Ẹ rò ó títí yóò fi yòrò, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò: kò yẹ kó níyọ̀ ju omijé lọ. Tó bá di wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á gba 50 sí 100 mílílítà lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti ju ọdún méjì á gba 100 sí 200. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró.

Ibi tó ti ń bà jẹ́: ṣúgà tó pọ̀ jù á fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru á sì le sí i. Iyọ̀ tó pọ̀ jù lè mú gìrì wá. Ọ̀pọ̀ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ní ṣúgà púpọ̀, kò sì níyọ̀ tó, kò lè rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tó bá ti rọ jọwọrọ, tí ojú rẹ̀ ti wọnú, tí kò lè mu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má ṣe jókòó ti ife.

*

Èsì 7

Ọ̀rọ̀ omi tó ń pa ásíìdì ò gba àkókò. Ásíìdì inú ikùn ló máa kọ́kọ́ pàdé omi náà, ó sì lágbára tó láti pa á rẹ́. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín á yanjú rẹ̀. pH ẹ̀jẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì rẹ̀, wà láàárín 7.35 sí 7.45, ẹ̀dọ̀fóró ń tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nípa fífẹ́ carbon dioxide jáde tàbí dídi í mú, kíndìnrín ń fi ọjọ́ mélòó kan parí iṣẹ́ tó kù. Bébà tí wọ́n fi ń wọn ìtọ̀ lè yí àwọ̀ padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ mu omi bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìtọ̀ kọ́ ni ẹ̀jẹ̀. Ó yí padà torí pé kíndìnrín ń da èyí tí kò fẹ́ nù.

Bí ásíìdì bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ lóòótọ́, bíi lára ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ ti kọjá ààlà, ẹ máa rí i pé ó ń mí jinlẹ̀, ó sì ń yára láìsinmi, bó tiẹ̀ dùbúlẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe omi.

*

Èsì 8

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ọ̀rọ̀ ooru tí èsì 1 mẹ́nu bà, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń lo oògùn lódì. Ibà àti kí ooru pa èèyàn kò jọra, bí òṣùwọ̀n tilẹ̀ ka 40 lára àwọn méjèèjì.

Bó bá jẹ́ ibà, hypothalamus fúnra rẹ̀ ló gbé ìwọ̀n tó fẹ́ sókè torí àrùn tó wọlé. Ìdí rèé tí ẹni tó wà ní 38 fi ń gbọ̀n, tó ń wá aṣọ ìbora: lójú ọpọlọ rẹ̀, òtútù ló mú un. Paracetamol ń ṣiṣẹ́ níbí torí ó ń dá ìwọ̀n náà padà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ooru ló pa á, ìwọ̀n tí ọpọlọ fẹ́ ò yí padà, ìtutù ara ni kò ká a mọ́. Paracetamol ò rí nǹkan ṣe síbẹ̀, ó sì lè dá kún ìpalára ẹ̀dọ̀.

Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná janjan nínú ooru, tí orí rẹ̀ ò pé mọ́ tàbí tó dákú: ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ rì í sínú omi tútù dé ọrùn kẹ́ ẹ sì di orí rẹ̀ mú. Bí kò bá sí ohun tí ẹ lè rì í sí, ẹ máa da omi sí i lára kẹ́ ẹ sì máa fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró. Ìtutù ṣáájú, ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ má bu omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ibi tó wà.

Òógùn tó ń kán sílẹ̀ kò tu ara lára. Èyí tó gbẹ lórí awọ ló ń gbé ooru lọ, bíi 580 kìlókálórì fún lítà kan. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti rin, òógùn ò ní gbẹ, èèyàn á kàn máa pàdánù omi lásán.

*

Èsì 9

Kí n padà sórí àyẹ̀wò, kí èsì 3 náà lè rí ibi tí mo dúró.

Gbogbo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kò ju bíi gíráàmù márùn-ún lọ, ṣíbí tíì kan. Ẹ̀dọ̀ tọ́jú bíi 100 gíráàmù pamọ́, tó ń tú jáde láàárín oúnjẹ àti lóru. Ṣúgà kí èèyàn tó jẹun láàárọ̀ yẹ kó wà lábẹ́ 100 lórí òṣùwọ̀n mg/dL. Bó bá dé 126, tí wọ́n tún un wò tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara tí insulin, họ́mónù tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ò ràn dáadáa mọ́ lè di 92 mú fún ọ̀pọ̀ ọdún nípa títú insulin ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Nọ́ńbà dára, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin ló ń rẹ̀. Bí ìbàdí bá ń fẹ̀, tí ẹbí ní àtọ̀gbẹ, ẹ bi dókítà nípa HbA1c, tó ń sọ ti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, tàbí àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mu 75 gíráàmù glucose. HbA1c lè ṣini lọ́nà lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, torí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kì í lo iye ọjọ́ tó yẹ.

Calcium náà bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara á lọ mú u látinú egungun. Egungun lè ti fúyẹ́ kí calcium ẹ̀jẹ̀ má yẹ̀.

Kíndìnrín ló burú jù nínú gbogbo wọn. Creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, lè wà níbi tó dára títí nǹkan bí ìdajì agbára kíndìnrín yóò fi lọ, torí àwọn asẹ́ tó kù ń ṣe iṣẹ́ àwọn tó kú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi creatinine nìkan ṣe. Kó béèrè fún àyẹ̀wò albumin, ìyẹn irú protein kan, nínú ìtọ̀, kó sì fi ìwé àyẹ̀wò ọdún yìí wé ti ọdún tó kọjá. Creatinine tó kúrò ní 0.7 tó di 1.1 ṣì wà ní "ó dára" nínú ọ̀pọ̀ ìwé, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà náà ti gòkè gan-an fún ẹni náà.

*

Èsì 3 lẹ́ẹ̀kan sí i

Mo gbà fún yín lórí wíwé ọdún méjì pọ̀, ìyẹn wúlò ju àyẹ̀wò tuntun lọ. Mi ò yẹ̀ lórí èyí tó kù: ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò ní àtọ̀gbẹ, tí ẹbí rẹ̀ ò ní in, kó má ṣe da ara rẹ̀ láàmú.

*

Èsì 9 fèsì

A jọ wà níbẹ̀. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bí omi ara bá lọ sílẹ̀, yálà nítorí èébì, ìgbẹ́ gbuuru tàbí ooru, kíndìnrín máa ń fi èròjà kan tó ń jẹ́ prostaglandin ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa wọlé. Ibuprofen àti diclofenac ń dí prostaglandin yẹn. Ẹni tí creatinine rẹ̀ dára lọ́sẹ̀ tó kọjá lè fi oògùn ara ríro ba kíndìnrín jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá tó bá tún ń lo oògùn tó ń mú ìtọ̀ wá pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril. Nígbà tí inú bá ń ṣí, ẹ fi ibuprofen àti diclofenac sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo dárúkọ yẹn, ẹ pe dókítà yín lọ́jọ́ kìíní tí ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, kó sọ bóyá kẹ́ ẹ dá wọn dúró títí ẹ ó fi máa jẹun tẹ́ ẹ ó sì máa mu omi dáadáa.